Oríyìn fún Àwọn Tó Kọ Orin Ìsọjí

Dọ́là kan, tàbí méjì bó bá pọ̀ tán, ni àwọn tó ń tẹ ìwé orin máa ń san fún Fanny Crosby lórí orin kan. Bó bá ti gbowó, orin ti di tiwọn nìyẹn. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí wọ́n sì máa tà á títí, èrè rẹ̀ kò kàn án mọ́. Afọ́jú ni obìnrin yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé inú yàrá tó háyà láàárín àwọn tálákà ìlú New York, bówó bá sì wọlé fún un, àwọn tí kò ní ló ń fún ní èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà jẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọ̀kan nínú orin rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ yóò gbè é láìwo ìwé. Lẹ́yìn àmín, gbogbo ènìyàn yóò jókòó, kò sì sẹ́ni tí yóò dárúkọ obìnrin náà.

Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀. Àwọn tó kọ orin ìsọjí la fẹ́ gbóríyìn fún, a sì fẹ́ dárúkọ wọn ketekete. Ìgbàgbọ́ wọn tóbi, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ nìkan kọ́ ni a fẹ́ yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ orin tí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbé, tí ẹni tí ìbànújẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè gbé, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí kò tíì dá a lójú bóyá kó wọlé tàbí kó máa lọ, lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà tó bá gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ìṣẹ́ àti ọ̀fọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ.

Frances Jane Crosby ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1820 ni wọ́n bí i, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Southeast ní ìpínlẹ̀ New York. Kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Dókítà tí ìdílé náà mọ̀ kò sí nítòsí. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ló lẹ oògùn gbígbóná mọ́ ojú ọmọ jòjòló náà, bí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́, ọjọ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀, Mercy, ẹni ọdún mọ́kànlélógún péré, lọ gba iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé onílé kí wọ́n má bàa kú sínú ebi. Eunice, ìyá ìyá rẹ̀, ló gba ọmọ náà mọ́ra.

Ìyá àgbà yìí yẹ lẹ́ni tí à ń kí. Òun ló di ojú fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Á mú un lọ sínú pápá, á fi òdòdó lé e lọ́wọ́, á sì sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí fún un. Á ṣàpèjúwe ẹyẹ kí ọmọ náà tó gbọ́ igbe rẹ̀. Á ka Bíbélì sí i létí, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó ṣe, obìnrin onílé wọn náà kówọ́ sí i, ó ń kọ́ ọmọ náà ní orí mélòó kan lọ́sẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Kí Fanny tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti mọ Ìwé Mósè márààrún, Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ìwé Òwe àti ọ̀pọ̀ Sáàmù lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí orin rẹ̀ ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni kó wò. Nígbà tí ọjọ́ orin dé, kò sí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀ bí iṣu ṣe ń wà lábà lẹ́yìn ìkórè.

Ní 1835 ó wọ iléèwé àwọn afọ́jú ní New York. Ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó tún di olùkọ́ níbẹ̀, kò sì kúrò títí di 1858. Lọ́dún 1849 tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà, tí ẹni tó lè sá ń sá, ó dúró ti àwọn aláìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ iléèwé náà nígbà kan tó máa ń jókòó tì í láti bá a kọ ewì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń pè é jáde lẹ́nu. Grover Cleveland ni orúkọ rẹ̀, ó sì di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Fanny fẹ́ Alexander van Alstyne, olórin tí òun náà kò ríran. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn kú ní ìkókó.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà tó kọ orin ìsìn àkọ́kọ́ fún olórin kan, William Bradbury, ní 1864. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé oòrùn ti wọ̀ fún yín, ẹ tún ọdún yẹn kà. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 1915, orin tó kọ lé ní 8,000. Ó pọ̀ débi pé àwọn tó ń tẹ̀wé kò fẹ́ kí orúkọ kan ṣoṣo gba gbogbo ìwé wọn, wọ́n sì ń fi orúkọ mìíràn tẹ tirẹ̀ jáde, orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba. Nítorí náà, àní ẹni tó bá ń fara balẹ̀ ka orúkọ tí ń bẹ nísàlẹ̀ orin pàápàá lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jọ wá lójú púpọ̀. Kò kọ nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú orí ló ti ń to orin, á máa tún un tò, á máa yọ èyí tí kò gún, á wá pè é fún ẹni tí yóò bá a kọ ọ́ nígbà tó bá ti pé. Lọ́dún 1868, William Doane, oníṣòwò ẹ̀rọ kan láti Cincinnati tó tún jẹ́ olórin, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ní ohùn orin kan wà lọ́wọ́ òun tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, ogójì ìṣẹ́jú péré ló sì kù kí ọkọ̀ ojú irin tí òun fẹ́ wọ̀ gbéra. Ó tẹ ohùn náà fún un. Fanny gbọ́ ọ, ó kọjá sínú yàrá, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Kí àkókò tó tó, ó ti jáde, ó pe gbogbo ẹsẹ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, Doane sì rí ọkọ̀ rẹ̀ bá. "Safe in the Arms of Jesus" ni orin ọ̀hún. Ó máa ń sọ pé àwọn ìyá tí ọmọ kú fún ló wà lọ́kàn òun nígbà tí òun ń kọ ọ́. Ẹ rántí pé òun náà ti sin ọmọ. Ìyá wo ni kò mọ orin yẹn nílẹ̀ wa, níbi ìsìnkú èwe?

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni òmíràn ti wá. Fanny ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, ni ọ̀kan nínú wọn bá ké sí Olúwa pé kó má gbàgbé òun bó ti ń kọjá. Igbe yẹn tẹ̀ lé obìnrin náà délé. Ohun tó fi ṣe ni "Pass Me Not", orin ẹlẹ́wọ̀n tó di orin gbogbo wa. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ló ń lọ. Ó ń lọ jókòó nínú àwọn ilé àánú tó wà ní Bowery àti Water Street ní New York, níbi tí àwọn ọ̀mùtí àti aláìnílé ń sùn sí, ó ń di ọwọ́ wọn mú, ó ń pè wọ́n lọ́mọ. Ojú kò jẹ́ kó rí ìdọ̀tí ara wọn. Ká tiẹ̀ sọ pé ó ríran, kò dájú pé ìyẹn ì bá dá a dúró.

Ó kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ara rẹ̀ pé òun kò di ẹni tó ba ojú òun jẹ́ sínú rárá. Ó tún máa ń sọ pé bó bá jẹ́ pé òun lè yàn, òun ì bá yan àìríran, nítorí pé ojú àkọ́kọ́ tí òun yóò rí láyé òun ni ojú Olùgbàlà. Àwa tí a ríran, a dákẹ́ níwájú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kú ní Bridgeport ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1915, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Òkúta kékeré ni wọ́n fi sórí sàréè rẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n tó gbé òkúta ńlá síbẹ̀.

Orin nílò ẹni tí yóò gbé e dé etí ènìyàn, Ọlọ́run sì ti pèsè ìyẹn náà. Ira Sankey ń bá ìjọba gbowó-orí ní Pennsylvania nígbà tí Dwight Moody gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Indianapolis lọ́dún 1870. Moody, oníwàásù tó ti ta bàtà rí, sọ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa bá òun lọ. Ní 1873 wọ́n wọkọ̀ òkun lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Moody ń wàásù, Sankey ń kọrin nídìí dùùrù kékeré kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ ní "Sacred Songs and Solos". Nígbà tí ìwé náà fi dàgbà tán, orin 1,200 ló wà nínú rẹ̀. Owó rẹpẹtẹ ló pa. Àwọn méjèèjì kọ̀, wọn kò fi sápò ara wọn. Ilé ìsìn àti iléèwé ni wọ́n fi owó náà kọ́.

Ìtàn kan wà tí Sankey fẹnu ara rẹ̀ sọ tí kò yẹ kí a sáré kọjá. Lọ́dún 1874, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpàdé ní Glasgow, wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Edinburgh. Ó ra ìwé ìròyìn kọ́bọ̀ kan ní ibùdókọ̀, ó ń wá ìròyìn ilé. Ó kà á, kò rí ohun gidi, ó jù ú sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ Edinburgh, ó tún mú un, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ewì kan ní kọ̀rọ̀ ojú ewé: ìtàn àgùntàn tó sọnù àti olùṣọ́ tó wá a lọ. Ó kà á sókè fún Moody, ṣùgbọ́n lẹ́tà láti Chicago wà lọ́wọ́ Moody, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Sankey gé ewì náà kúrò, ó fi í sínú ìwé tó ń kó orin sí.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ìwàásù dá lórí Olùṣọ́-àgùntàn Rere. Moody sọ̀rọ̀. Horatius Bonar, tí òun náà jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ń kọ orin ìsìn, tún sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́. Ni Moody bá yíjú sí Sankey pé kó kọ orin tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Kò ní kankan. Ohun kan ń sọ fún un nínú pé kó kọ ewì inú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ewì ni, kò tíì lóhùn. Ó gbé ègé ìwé ìròyìn náà sórí dùùrù níwájú ara rẹ̀, ó gbàdúrà, ó tẹ dùùrù, ó lanu. Ohùn ń wá bó ti ń kọ ọ́. Nígbà tí ẹsẹ kìíní parí, àyà rẹ̀ já: ṣé òun yóò rántí ohùn náà fún ẹsẹ kejì? Ó rántí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tó fi dé ẹsẹ karùn-ún. Moody sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí dùùrù, omijé lójú rẹ̀, ó béèrè ibi tó ti rí irú orin bẹ́ẹ̀. Sankey ní èyí tí òun kà fún un nínú ọkọ̀ lánàá ni.

Wọ́n ń pe orin náà ní "The Ninety and Nine". Elizabeth Clephane, obìnrin ará Melrose ní Scotland, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le nígbà ayé rẹ̀, àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́. Ó ti kú ní 1869, ọdún márùn-ún kí Sankey tó ra ìwé ìròyìn yẹn. Kò gbọ́ orin ara rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ Sankey.

Ọkọ̀ ojú irin wọ ìtàn Philip Bliss náà, ṣùgbọ́n ti tirẹ̀ burú. Inú ilé onígi ní Pennsylvania ni wọ́n bí i sí ní 1838. Láti kékeré ló ti ń ṣe alágbàṣe lóko àti nídìí igi gẹdú. Ó kọ́ orin, ó di olùkọ́ orin tó ń gun ẹṣin láti ìletò dé ìletò, kí ó tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1874 nítorí iṣẹ́ ìhìnrere. Kì í sábà wá ẹlòmíràn láti fi ohùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó ti ń kọ ọ̀rọ̀ ló ń kọ ohùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1876, nínú yìnyín, afárá ojú irin já ní Ashtabula ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkọ̀ sì wọ inú ọ̀gbun lọ pẹ̀lú iná. Bliss àti Lucy aya rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọn kò rí òkú wọn títí dòní. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Àpótí ẹrù rẹ̀ kò bá a ṣègbé, ọ̀rọ̀ orin kan sì wà nínú rẹ̀ tí James McGranahan padà fi ohùn sí.

Ọdún yẹn kan náà ni Bliss ti ṣe ohùn fún ọ̀rọ̀ tí Horatio Spafford kọ. Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ìtàn Spafford: agbẹjọ́rò ní Chicago, tí iná ńlá ọdún 1871 jó ohun ìní rẹ̀, tí ọkọ̀ òkun tó gbé aya rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1873. Aya nìkan ló yè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé "Ville du Havre" ni orúkọ ọkọ̀ náà, orúkọ yìí gan-an sì ni Bliss sọ ohùn orin náà. Ẹ ṣí ìwé orin tó bá ń kọ orúkọ ohùn sókè orin, ẹ óò bá a níbẹ̀. Nígbà tí ìjọ bá ń kọrin àlàáfíà yẹn, orúkọ ọkọ̀ tó kó ọmọ mẹ́rin lọ ni ohùn náà ń jẹ́. A ò mọ irú ìgboyà tó jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí orin kan ṣoṣo mú kí a mọ̀ wọ́n. Annie Hawks, ìyá ilé kan ní Brooklyn, ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1872 nígbà tí ọ̀rọ̀ "I Need Thee Every Hour" sọ sí i lọ́kàn. Robert Lowry, àlùfáà ìjọ rẹ̀, ló fi ohùn sí i tó sì ṣe ègbè rẹ̀. Ara rẹ̀ le nígbà náà, inú rẹ̀ dùn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ìgbà yẹn gan-an ni òun tó mọ agbára ohun tí òun ti kọ. Joseph Scriven, ará Ireland tó lọ gbé ní Kánádà, tí ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kú sómi nígbà tí ìgbéyàwó kù fẹ́ẹ́fẹ́, kọ "What a Friend We Have in Jesus" ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti tù ú nínú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ní lọ́kàn.

Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé orin kan ti ń fojú tín-ín-rín orin wọ̀nyí. Wọ́n ní ó rọrùn jù, ohùn rẹ̀ kò jinlẹ̀, ègbè rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ. A kò bá wọn gbà á. Ègbè yẹn gan-an ni ọgbọ́n wà. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kan ènìyàn kún, tí ìwé orin kò kárí, tí ọ̀pọ̀ kò sì lè ka èyí tó dé ọwọ́ wọn, ẹsẹ orin ń sọ ìtàn, ègbè ń dá gbogbo ilé pa pọ̀. Nígbà tí ẹsẹ kejì bá fi máa parí, àlejò pàápàá ti mọ ègbè. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa, nítorí lílé àti ègbè la bá lẹ́nu àwọn bàbá wa, lójú oko, nídìí ìlù, níbi ìyàwó. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn láti kọ ègbè tí ènìyàn yóò fi àádọ́jọ ọdún kọ tí kò ní sú wọn, kó jókòó kó gbìyànjú ọ̀kan.

Orin wọ̀nyí gba ọwọ́ àwọn ajíhìnrere dé ilẹ̀ wa, wọ́n túmọ̀ wọn sínú ìwé orin Yorùbá, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì míì sì kàn ń pe ìwé orin Gẹ̀ẹ́sì náà ní "Sankey" lásán. Ọpẹ́ ni fún àwọn tó túmọ̀ wọn, tí a kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó kì í sábà bá ohùn ọ̀rọ̀ wa rìn. Ó lè gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn àlùfáà wa ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ìgbẹ̀ìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1855. Ohùn ilẹ̀ wa ló fi kọ orin ìsìn, bí Ẹ̀gbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni orin rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin, ènìyàn ń pé jọ, ìwàásù á wá tẹ̀ lé e. Ní 1922, nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ sínú àwo. Nígbà tí Isaac Delano kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1942, "The Singing Minister of Nigeria" ló pe ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ Fẹlá dáadáa kò mọ̀ pé bàbá bàbá rẹ̀ nìyí, ó sì dùn wá.

Thomas Ekundayo Phillips tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Èkó, nínú Kàtídírà Christ Church tó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ dùùrù ní 1914. Láàárín àwọn Aládùúrà ni orin ìsọjí ti wá gba ìlù àti àtẹ́wọ́ pátápátá, láti ìgbà Moses Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ní 1925, títí kan ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà ní 1930. Ẹnìkan gba orin lójú àlá, tàbí nínú ẹ̀mí, ó dìde kọ ọ́ nínú ìpàdé, ìjọ gbè é, kó sì tó dọ́jọ́ kẹta, ó ti dé ìlú kejì. Ta ni ẹni náà? Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà la ń kí, ẹ̀yin tí a kò mọ orúkọ yín.

A. T. Olajide Olude, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n bí ní 1908, gba ọ̀nà náà síwájú. Orin rẹ̀ kan tó kọ ní 1949, lóhùn Yorùbá, ti kọjá òkun: nínú ìwé orin tí ìjọ United Methodist ti Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 1989, ó wà ní nọ́mbà 661. Fanny Crosby wà nínú ìwé kan náà. Orin ti New York wá sọ́dọ̀ wa, tiwa náà sì ti dé ọ̀hún.

Ohun kan la fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń tún ìwé orin tẹ̀ ní ìjọ gbogbo, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ kúrò nítorí àyè. Bí ẹ bá ń pe nọ́mbà orin, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹ sì wà láàárín wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin tuntun fún ìkórè, fún ìdúpẹ́, fún àjọ̀dún ìjọ, tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́jọ́ kan péré kí bébà rẹ̀ tó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù akọrin lọ. A gbóríyìn fún ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó pín in fún àwọn akọrin lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ kọ orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọdún tì í.